Ẹdẹ Kì í Ṣe Edé: Ó Tó Àsìkò Kí A Gba Orúkọ Wa Padà Lórí Ayélujára

Ẹ mú ìwé kan, kí ẹ kọ lẹ́tà mẹ́ta péré sí i: e, d, e. Ẹ fi han ẹni mẹ́ta tó mọ Yorùbá kà, kí ẹ sì ní kí oníkálukú pè é sókè. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọjà dé lè pè é ní edé, èyí tí à ń sè mọ́ ọbẹ̀. Olùkọ́ lè pè é ní èdè, èyí tí à ń fi ẹnu sọ. Ọmọ Ọ̀ṣun yóò pè é ní Ẹdẹ, ìlú Tìmì. Kò sí ẹni tó ṣì í kà nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tó kọ ọ́ ni kò kọ ọ́ tán.

Orúkọ tí a kò kọ tán yìí náà ni ìlú Ẹdẹ ń jẹ́ lórí ayélujára lónìí. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga Poli ti ìjọba àpapọ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ẹdẹ ní ọdún 1992, federalpolyede.edu.ng ni àdírẹ́ẹ̀sì ìkànnì rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀ kò yọ sílẹ̀. “Osun” ni wọ́n ń kọ sínú àdírẹ́ẹ̀sì ìjọba, bẹ́ẹ̀ ẹni tó gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé osùn ni ohun pupa tí àwọn ìyá wa máa ń fi kun ara. Ìwé ìròyìn Aláròyé, tó jẹ́ pé Yorùbá ni oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀, alaroye.org ni ó ń jẹ́. Kódà àkójọ orúkọ Yorùbá tí Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé kalẹ̀, iṣẹ́ tí àmì orí orúkọ jẹ́ òpó rẹ̀, yorubaname.com ni wọ́n fi ṣe ojúlé rẹ̀.

N kò dá àwọn wọ̀nyí lẹ́bi. Ẹni tó fẹ́ wọlé, ẹnu ọ̀nà tó bá ṣí sílẹ̀ ni yóò gbà. Ohun tí mo dá lẹ́bi ni àwáwí tó ti di àṣà láàárín wa, pé ayélujára kò gba àmì. Irọ́ ni. Ó ti lé ní ogún ọdún tí ó ti di irọ́. Àwa ni a kò tíì gbọ́, tàbí a gbọ́, a sì ṣe bí ẹni pé kò kàn wá.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́. Nígbà tí àwọn onímọ̀ gbé ètò orúkọ ìkànnì kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1983, lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, nọ́ńbà láti òdo dé mẹ́sàn-án, àti fàlà kékeré tí a fi ń so ọ̀rọ̀ pọ̀ nìkan ni àwọn orúkọ náà ń lò. Wọn kò ṣe é láti bú ẹnikẹ́ni. Èdè tiwọn ni wọ́n rò. Ṣùgbọ́n ní oṣù kọkànlá ọdún 2000, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dán orúkọ tó ní lẹ́tà èdè mìíràn wò lábẹ́ .com. Nígbà tó di ọdún 2003, àwọn tó ń ṣe ìlànà iṣẹ́ ayélujára fọwọ́ sí ọgbọ́n kan tí wọ́n pè ní Punycode. Ọgbọ́n náà ni pé kí ènìyàn kọ orúkọ rẹ̀ bí ó ṣe yẹ, kí ẹ̀rọ sì yí i padà lábẹ́lẹ̀ sí lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì tí ètò àtijọ́ mọ̀, kí ó sì fi xn àti fàlà méjì ṣe àmì ìdánimọ̀ níwájú rẹ̀.

Mo ti fi ìlànà yìí ṣírò ọ̀rọ̀ wa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹdẹ, ìlú Tìmì, di xn--d-ewmb. Èdè tí à ń sọ di xn--d-7fab. Edé inú ọbẹ̀ di xn--ed-cja. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ wò ó dáadáa. Ẹ̀rọ tí kò gbọ́ Yorùbá, tí kò jẹ edé rí, tí kò dé ọjà Ẹdẹ rí, mọ̀ pé ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Àwa tó ni ọ̀rọ̀ la pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ sójú kan.

Àwọn ẹlòmíràn kò jókòó tẹtẹrẹ bíi tiwa. Láti oṣù kẹta ọdún 2004 ni àwọn ará Jámánì ti ń forúkọ ìkànnì tó ní ä, ö àti ü sílẹ̀ lábẹ́ .de. Àwọn ará Catalonia ní orílẹ̀-èdè Sípéènì, tí wọn kò ní ìjọba tó dá dúró, gba .cat fún èdè àti àṣà wọn, wọ́n sì gba àwọn lẹ́tà alámì tiwọn wọlé síbẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2010, Íjíbítì, Saudi Arabia àti United Arab Emirates di ẹni tó lè fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ àdírẹ́ẹ̀sì ìkànnì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, títí kan orúkọ orílẹ̀-èdè tó ń gbẹ̀yìn.

Ṣùgbọ́n ti Vietnam ló yẹ kó dùn wá jù. Ní ọdún 2011, àjọ VNNIC tó ń bójú tó .vn ṣí ilẹ̀kùn fún orúkọ ìkànnì ní èdè Vietnam, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n fi í fún àwọn ènìyàn wọn. Kí ló kàn wá níbẹ̀? Unicode ni ìwé nọ́ńbà tí àwọn kọ̀ǹpútà àgbáyé fi ń dá lẹ́tà mọ̀. Nínú rẹ̀, ẹ ni nọ́ńbà 1EB9, ọ sì ni 1ECD. Nọ́ńbà kan náà ni ẹ àti ọ àwọn ará Vietnam ń jẹ́. Lọ́dọ̀ tiwọn, ohùn ni àmì abẹ́ yẹn ń tọ́ka sí. Lọ́dọ̀ tiwa, ó ń fi ìyàtọ̀ sáàárín fáwẹ́lì. Lójú ẹ̀rọ, lẹ́tà kan náà ni. Lẹ́tà tí à ń sọ pé ayélujára kò gbà, òun gan-an ni wọ́n pín lọ́fẹ̀ẹ́ fún aráàlú ní Hanoi ní ọdún 2011.

Mo mọ èsì tí àwọn kan yóò fọ̀, ó sì yẹ kí a yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àkọ́kọ́, wọn yóò ní kò sí ẹni tó lè tẹ ẹ tàbí ọ lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ yìí ti di àná. Kíbọ́ọ̀dù Google tó wà lórí ọ̀pọ̀ fóònù Android ní Yorùbá nínú. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ kàn ní láti yàn án ni. Yàtọ̀ sí èyí, mélòó nínú wa ló ń tẹ àdírẹ́ẹ̀sì ìkànnì lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn lónìí? Líǹkì ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp, a ó sì fi ọmọ ìka kàn án. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ tẹ orúkọ láìsí àmì, kò sí ohun tó ní kí a ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Kí onílé ra orúkọ méjèèjì, kí ó sì jẹ́ kí èyí tí kò ní àmì máa darí àlejò sí èyí tó ní àmì. Ilé kan lè ní ẹnu ọ̀nà méjì, ṣùgbọ́n orúkọ onílé ló yẹ kó wà lára ògiri.

Èkejì, wọn yóò ní xn-- yẹn kò dára lójú, pé ètò kọ̀ǹpútà mìíràn ń gbé e jáde ní gbangba dípò orúkọ gidi. Òótọ́ ni èyí. Òótọ́ sì ni pé ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù orí ayélujára kò tíì mọ ẹ ní lẹ́tà. Èmi fúnra mi ti kọ orúkọ mi bí àwọn òbí mi ṣe sọ mí sínú fọ́ọ̀mù kan rí, tó dá mi lóhùn pé kí n kọ orúkọ tó tọ́. Ẹ̀rọ ní kí n kọ orúkọ tó tọ́! Mo yọ àmì kúrò, mo sì di ẹlòmíràn, ni ó wá gbà mí wọlé. Ṣùgbọ́n ta ló kọ fọ́ọ̀mù wọ̀nyí? Àwọn ọmọ wa ni, àwọn tó jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga wa. Àṣìṣe wọn kì í ṣe kádàrá. Láti ọdún 2012 ni ìlànà ti wà fún àdírẹ́ẹ̀sì ímeèlì tó ní lẹ́tà alámì, Gmail sì ti ń gbà á láti ọdún 2014. Iṣẹ́ tó kù, iṣẹ́ àtúnṣe ni. Àtúnṣe kì í sì í bẹ̀rẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni kò bá ti ráhùn. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ẹ̀kẹta ló lágbára jù, n kò sì ní fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Wọn yóò ní lẹ́tà alámì yóò ṣí ọ̀nà fún àwọn gbájúẹ̀. Ẹ̀rù yìí ní ìdí. Ní ọdún 2017, olùwádìí kan forúkọ ìkànnì kan sílẹ̀ tí ó rí bí apple.com gẹ́lẹ́, bẹ́ẹ̀ lẹ́tà tí àwọn ará Rọ́ṣíà fi ń kọ̀wé ni gbogbo lẹ́tà inú rẹ̀. Ojú lásán kò lè dá a mọ̀. Ó ṣe é láti fi kìlọ̀ fún ayé ni, àwọn tó ń ṣe ètò ìwo-ìkànnì sì wá nǹkan ṣe sí i.

Yorùbá náà ní ewu tirẹ̀ níbi yìí. Àwọn kan ń fi àmì tó rí rogodo sábẹ́ ẹ, àwọn mìíràn ń fi ìlà kékeré tó dúró ṣánṣán síbẹ̀, bí a ṣe ń kọ ọ́ nínú ọ̀pọ̀ ìwé àtijọ́. Lójú wa, ẹ kan náà ni. Lójú ẹ̀rọ, nọ́ńbà 0323 ni àmì rogodo, 0329 sì ni ìlà náà, orúkọ ìkànnì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọn yóò sì bí. Ẹnì kan lè ní ti àkọ́kọ́ ní Ẹdẹ, kí olè ní èkejì ní ibi tí a kò mọ̀.

Ṣùgbọ́n kí ni oògùn ewu yìí? Ṣé kí a sá fún orúkọ wa ni? Àwọn ará Ṣáínà, Jàpáánì àti Kòríà bá irú ìṣòro yìí pàdé, nítorí pé lẹ́tà kan lè ní ìrísí àtijọ́ àti ìrísí tuntun. Ní ọdún 2004, wọ́n gbé ìlànà kan jáde: ẹni tó bá gba orúkọ kan, kí gbogbo ìrísí orúkọ náà wà lábẹ́ rẹ̀ tàbí kí a tì wọ́n pa, kí ẹlòmíràn má lè rà wọ́n. Òfin ló lé olè jáde níbẹ̀. Wọn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa pa lẹ́tà wọn tì.

Ẹ sì jẹ́ kí a yí ọ̀rọ̀ náà síhà kejì. Ta ni ewu ń dúró dè, ẹni tó ti gba orúkọ rẹ̀ tó pé, tàbí ẹni tó fi í sílẹ̀ ní ìta? Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni wọ́n ń ta orúkọ ìkànnì fún. Wọn kì í béèrè bóyá ọmọ ìlú ni. Bí ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ẹdẹ kò bá gba orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú àmì, tí gbájúẹ̀ kan wá gbà á, tó ya ojú ewé ilé-ẹ̀kọ́ náà síbẹ̀, tó sì ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun san owó ìgbàwọlé síbẹ̀, kí ni bàbá tó ta ilẹ̀ nítorí ọmọ rẹ̀ yóò rí tí yóò fi fura? Orúkọ tó wà níwájú rẹ̀ yóò tọ̀nà ju ti ilé-ẹ̀kọ́ gan-an lọ! Ẹni tó ń bẹ̀rù olè kì í fi kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ sílẹ̀ ní gbangba.

Ẹ̀kẹrin, wọn yóò ní ọ̀rọ̀ yìí kéré. Ebi ń pa ará ìlú, iná kò sí, ọ̀nà bàjẹ́, èmi sì jókòó, mò ń ka àmì abẹ́ lẹ́tà. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ní oṣù kìíní ọdún 1875, àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run àti àwọn ọ̀mọ̀wé péjọ sí Èkó láti fẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè Yorùbá. Ṣé ilẹ̀ tòrò nígbà náà ni? Ogun Ìjàyè kò tíì pẹ́ tó parí. Ọdún méjì lẹ́yìn ìpàdé náà ni ogun Kírìjì bẹ́ sílẹ̀, kò sì parí títí di ọdún 1893. Láàárín ogun sí ogun ni àwọn baba wa ti jókòó lórí ọ̀rọ̀ àmì. Bí wọ́n bá ní kí ogun parí ná, a kì bá tí ní ìwé tí à ń kà lónìí. Ohun tí mo ń béèrè kò tilẹ̀ le tó tiwọn. Iye tí a fi ń gba orúkọ ìkànnì kan lọ́dún, owó àpò sìmẹ́ńtì díẹ̀ ni. Owó pátákó ìpolówó kan tí a ń gbé sí ẹ̀gbẹ́ títì nígbà ayẹyẹ jù ú lọ fíìfíì.

Kí ló dé tí mo fi ní kí Ẹdẹ ṣíwájú? Ìdí méjì ni.

Ìdí kìíní ni pé kò sí ìlú tí orúkọ rẹ̀ rọrùn tó tiwa. Ohùn àárín ni fáwẹ́lì méjèèjì, kò gba àmì orí kankan. Àmì abẹ́ méjì péré ló kù. Ẹ fi wé Ọ̀ṣun. Unicode kò ní nọ́ńbà ẹyọ kan fún Ọ̀. A ní láti to àmì orí lé ọ kí ó tó pé, ọ̀pọ̀ ètò kọ̀ǹpútà sì máa ń kọsẹ̀ níbẹ̀. Ẹdẹ kò ní irú ìyọnu bẹ́ẹ̀. Bí Ẹdẹ kò bá lè kọ orúkọ rẹ̀ tán, kí ni a fẹ́ kí Ọ̀ṣun àti Abẹ́òkúta ṣe?

Ìdí kejì ni pé ìlú ìlù ni Ẹdẹ. Ọba John Adétóyèṣe Láoyè, tó jẹ Tìmì láti ọdún 1946 títí di ọdún 1975, kì í ṣe ọba tí wọ́n ń lùlù fún nìkan. Òun fúnra rẹ̀ mọ ìlù lù, ó sì kọ̀wé lórí ìlù Yorùbá kí ayé lè mọ̀ ọ́n. Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ dùndún rí mọ̀ pé ohùn ni gbogbo ọgbọ́n rẹ̀. Ìlù kò ní ẹnu, kò ní ahọ́n, kò lè pe kọ́ńsónáǹtì. Ohùn ló fi ń sọ̀rọ̀ tí ènìyàn fi ń gbọ́. Bí onílù bá lu gbogbo ọ̀rọ̀ ní ohùn kan ṣoṣo, ariwo ló pa, kò sọ̀rọ̀. Ìlú tí ọba rẹ̀ kọ́ ayé ní iyì ohùn kò gbọdọ̀ jẹ́ ìlú tí yóò máa jẹ́ orúkọ tí kò ní àmì.

Kí ni mo fẹ́ kí a ṣe? Ní ti NiRA, àjọ tó ń bójú tó .ng, kí ó kéde ní èdè Yorùbá, ní gbangba, àwọn lẹ́tà Yorùbá tí a lè fi forúkọ sílẹ̀. Kí ó mú ẹ, ọ àti ṣ tó ní àmì rogodo gẹ́gẹ́ bí ojúlówó, kí ó sì ti ìrísí onílà pa fún ẹlòmíràn. Kí ó má ṣe gbàgbé àwọn ará wa ní Benin, tí wọ́n ń fi ɛ àti ɔ kọ Yorùbá tiwọn. Kí àwọn tó ń ta orúkọ ìkànnì fún wa yé sọ fún oníbàárà pé “kò ṣeé ṣe” nígbà tó jẹ́ pé àwọn ni kò gbìyànjú.

Ní ti ìlú, kí ààfin Tìmì, ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Ẹdẹ àti ti Gúúsù Ẹdẹ, Poli, yunifásítì Adeleke àti yunifásítì Redeemer's gba orúkọ wọn pẹ̀lú àmì kí ẹlòmíràn tó gbà á. Kí àwọn olùkọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí kọ́ ọmọ wa láti ṣe fọ́ọ̀mù tí kì í lé ẹ sẹ́yìn. Ní ti àwa tó ń fi Yorùbá kọ ìròyìn, kí a kọ́kọ́ tún ojúlé tiwa kọ kí a tó bá ìjọba wí.

Àwọn kan ti ń sọ pé .yorùbá gan-an ló yẹ kí a gbà ní òpin àdírẹ́ẹ̀sì. Èrò rere ni, ṣùgbọ́n owó ìbéèrè fún irú rẹ̀ lọ́dọ̀ ICANN jẹ́ 227,000 dọ́là, kí a tó sọ̀rọ̀ iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tí kò tíì tún ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ṣe kò gbọdọ̀ máa yá owó kọ́ odi ìlú. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣe èyí tí agbára wa ká.

Ìtàn sọ fún wa pé nítorí ọ̀nà ni Aláàfin Kórì ṣe rán Tìmì wá sí ibi yìí: kí ó dúró, kí ó ṣọ́ àwọn oníṣòwò tó ń lọ sí ọjà Apòmù lọ́wọ́ àwọn tó ń dá wọn lọ́nà. Iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ la fi tẹ Ẹdẹ dó. Ọ̀nà tuntun ti là, ọjà tuntun ti ná, àwọn adánilọ́nà tuntun sì ti dúró. Ẹ̀ṣọ́ tí kò ní orúkọ lẹ́nu ibodè rẹ̀, ta ni yóò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀? Àmì méjì péré ló kù kí orúkọ Ẹdẹ pé. Ẹ jẹ́ kí a fi wọ́n sí i.